Kànga Tí Mo Fi Ọ̀dà Funfun Sàmì Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ojú ìwé yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ó ti pé ọdún mẹ́jọ tí mo ti gbé ọ̀rọ̀ kan pamọ́ sínú. Mi ò sọ fún ìyàwó mi. Mi ò sọ fún àlùfáà ìjọ wa. Tí mo bá ń gbàdúrà pàápàá, mo máa ń fo ibẹ̀ ni. Ènìyàn mẹ́ta ló kú nítorí mi. Ẹnì kan sì wà tó ru ẹ̀bi náà títí òun náà fi kú, kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀ nínú rẹ̀.

Ohun tí ìyàwó ẹni tó ru ẹ̀bi yìí sọ fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí. Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè dá mi lẹ́jọ́ bó ṣe yẹ.

Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀gbẹ́ Mápó ni a ń gbé. Láti ayé bàbá bàbá mi ni a ti ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà. Àwọn ará àdúgbò fọkàn tán mi púpọ̀. Tí wọ́n bá gba oògùn lọ́sibítù, èmi ni wọ́n máa ń gbé ìwé rẹ̀ wá fún kí n bá wọn kà á. Mo ń sọ èyí kí ẹ má baà rò pé àìmọ̀kan ló ṣe mí. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe. Mo mọ̀ ọ́n ju ẹnikẹ́ni lọ níbẹ̀.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, òjò kan rọ̀ ní Ìbàdàn. Ó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sán, kò sì dá títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi mọ́. Odò kún, ó gun orí afárá, ó wọlé tọ àwọn ènìyàn lọ. Ní Ìsàlẹ̀ Òsì àti apá ibì kan ní Bẹyẹrunká, níbi tí ilé alámọ̀ pọ̀ sí, ògiri ń wó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Omi gbé ẹran, ó gbé àpótí aṣọ, ó gbé ènìyàn. Nígbà tó fà, ẹrẹ̀ dé orúnkún nínú yàrá. Àwọn tí ilé wọn wó lọ ń sùn nínú kíláàsì ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

Omi mímu ló wá di ìṣòro tó le jù. Ṣálángá ti kún, ohun inú rẹ̀ ti ṣàn wọ inú kànga. Ẹ̀rọ omi ti dákẹ́ tipẹ́tipẹ́ ní àdúgbò wọ̀nyẹn, kànga nìkan ni wọ́n gbójú lé.

Ẹgbẹ́ aláàánú kan dé láti ibòmíràn. Wọ́n kó ìrẹsì wá, wọ́n kó ẹní àti bùláńkẹ́ẹ̀tì wá, wọ́n sì kó ìyẹ̀fun funfun kan tó máa ń ta ni nímú wá, èyí tí a ń dà sínú kànga láti pa kòkòrò. Òògùn kànga la ń pè é. Wọ́n ń wá àwọn tí yóò yọ̀ǹda ara wọn, tí wọ́n á máa gbé òògùn náà kiri agbo-ilé. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti fi orúkọ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, àánú wọn ló ṣe mí. Mi ò lọ síbẹ̀ láti pa ẹnikẹ́ni lára.

Wọ́n fi ọjọ́ kan kọ́ wa níṣẹ́. Èèyàn á ju okùn sínú kànga láti mọ bí omi ṣe jìn tó. Á wọn òògùn pẹ̀lú ife, á pò ó mọ́ omi nínú garawa, á dà á sínú kànga. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pọn omi náà títí di ọjọ́ kejì. Kànga tí a kò tíì ṣe, ọ̀dà pupa là ń fi sàmì sí etí rẹ̀. Èyí tí a bá ti ṣe, ọ̀dà funfun. Àwọn tí kò mọ̀wé náà máa rí àmì yẹn, wọ́n á sì mọ èyí tí wọ́n lè mu.

Méjì méjì ni wọ́n pín wa. Ẹni tí wọ́n fi tì mí, mi ò ní dárúkọ rẹ̀ gan-an. Ẹ jẹ́ kí n máa pè é ní Ràṣíìdì.

Iṣẹ́ kànga gbígbẹ́ ni Ràṣíìdì ń ṣe. Ọmọ agbo-ilé kan ní Bẹyẹrunká ni, bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà. Mo fi bí ọdún mẹ́fà jù ú lọ. Ó kúrú, ó ki pọ́pọ́, kì í sì í pariwo tó bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní inú kànga ló ti kọ́ ọ, pé tí èèyàn bá pariwo níbẹ̀, etí ara rẹ̀ ló máa di. Bí a bá dé agbo-ilé kan, á fọwọ́ pa etí kànga, á ní, "Tíṣà, bàbá mi ló gbẹ́ eléyìí. Ẹ̀ẹ̀rùn kì í mú un gbẹ."

Kò lọ sílé ìwé. Ìwé kan wà tí a gbọ́dọ̀ máa kọ nǹkan sí, níbi tí ẹni tó wọn òògùn á ti fọwọ́ sí i, tí ẹni tó dà á náà á ti fọwọ́ sí i. Níbẹ̀rẹ̀, ìka ló ń tẹ̀. Mo wá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi kọ́ ọ, ó ń fi igi kọ ọ́ sórí ẹrẹ̀ tí a bá jókòó jẹ búrẹ́dì àti ẹ̀wà. Nígbà tó mọ̀ ọ́n, ó kọ ọ́ sínú ìwé náà gàdàgbà gadagba, ó sì pe àwọn obìnrin tó wà nítòsí kí wọ́n wá wò ó.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan dé. Ó ku kànga kan péré lórí ìwé wa, ní agbo-ilé kan ní Ìsàlẹ̀ Òsì. Láàárọ̀, Ràṣíìdì ju okùn, ó ka gígùn rẹ̀, ó wọn òògùn náà sínú ọ̀rá, ó sì so ó. Ìwọ̀n méje ni. Ó fọwọ́ sí ìwé. Òògùn tó kù lọ́wọ́ wa nìyẹn, kò sí òmíràn.

Ó fẹ́ lọ kí Jímọ̀ ní mọ́sáláṣí Ọjà'ba. Ó gbé ọ̀rá náà fún mi. Ó ní, "Tíṣà, tí ẹ bá rí ọkùnrin kan nílé tó máa bá yín fa okùn, ẹ kúkú dà á sí i. Tí ẹ ò bá rí, ẹ dúró dè mí."

Mo ní, "Máa lọ. Má ṣèyọnu."

Kò tíì pẹ́ tó lọ tí fóònù mi fi dún. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé ní Oníyanrìn ni, mo ń pè é ní Bọ́sẹ̀ níbí. Ó ti bímọ ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú. Ọmọ méjì ló ti kú mọ́ ọn lọ́wọ́ kó tó bí èyí. Ó ń sunkún lórí fóònù. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, omi kànga wa ti ń rùn o. Òun ni mo fi ń wẹ ọmọ. Ẹ ò lè bá mi mú díẹ̀ wá nínú òògùn yẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń bà mí."

Odò ò dé òpópónà wọn. Ewé àti ẹrẹ̀ lásán ló ń rùn nínú kànga wọn. Mo mọ̀. Mo lè sọ fún un pé kó se omi náà kó tó lò ó. Ọjọ́ ayé mi ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀kọ́ yẹn. Àmọ́ mo gbọ́ ẹkún rẹ̀, mo rántí bí a ṣe gbé àwọn méjì ìṣáájú jáde nílé. Mo gun ọ̀kadà, mo gbé ọ̀rá náà lọ sí Oníyanrìn, mo sì da gbogbo rẹ̀ sí kànga wọn.

Bọ́sẹ̀ béèrè bóyá wọn ò ní bá mi wí níbi iṣẹ́. Mo purọ́ fún un. Mo ní, "Ràṣíìdì tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló ní kí n mú un wá fún ẹ." Ó ń ṣàdúrà fún Ràṣíìdì títí mo fi kúrò níbẹ̀.

Mo padà sí Ìsàlẹ̀ Òsì lọ́wọ́ òfo. Ọ̀gá wa obìnrin ti sọ pé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà lòun máa wá yẹ gbogbo kànga wò, kóun lè kọ ọ́ pé iṣẹ́ ti parí ní apá ibẹ̀. Mo ro ohun tí n ó wí fún un tó bá béèrè òògùn. Mo sì ní agolo ọ̀dà funfun lọ́wọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Mo ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà, mo fà á sí etí kànga. Ohun tí mo ń sọ fún ara mi ni pé tó bá di ọ̀la, n ó gba òògùn mìíràn, n ó yọ́ wá dà á sí i, ẹnikẹ́ni ò ní mọ̀. Mo fọwọ́ sí ìwé pé mo ti dà á.

Obìnrin kan gbé àga jáde fún mi. Ìyá Mutíù ni wọ́n ń pè é, èédú ló ń tà. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jókòó, ó ti rẹ̀ yín. Ọlọ́run á bá wa san án fún yín." Mo jókòó. Mo sọ fún wọn pé kí wọ́n má pọn ọ́n títí di ọ̀la. Mo sọ ọ́ bí ẹni tó ti ṣe é lóòótọ́.

Ràṣíìdì dé láti mọ́sáláṣí. Ó rí ọ̀dà funfun, inú rẹ̀ dùn. Ó ní, "Ẹ ti ṣe é? Ẹ kú iṣẹ́ o, Tíṣà." Ó wá sọ fún àwọn ará ilé pé tó bá di àárọ̀, òun fúnra òun lòun máa wá mu ife àkọ́kọ́, kí ẹ̀rù má bà wọ́n.

Ó sì wá bẹ́ẹ̀. Ó fa omi, ó mu ún lójú gbogbo wọn. Òun ló sọ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo lọ síbi tí wọ́n ń kó òògùn sí. Kò sí. Wọ́n ní ọkọ̀ tó ń kó o bọ̀ ti há sínú ẹrẹ̀ lọ́nà. Lọ́jọ́ Àìkú, mo lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èmi ni mo ka Bíbélì fún ìjọ. Lọ́jọ́ Ajé, mo padà lọ. Òògùn ti dé. Ọmọbìnrin tó ń pín in wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ibi tiyín ti parí. Kànga wo lẹ tún fẹ́ ṣe?"

Kí n tó lè gba òògùn yẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí mo ṣe. Mo ní, "Mo kàn ń béèrè ni."

Ẹ jọ̀ọ́, ibí yìí ni mo máa ń fẹ́ kí ilẹ̀ là kó gbé mi mì. Ọ̀dà pupa wà nílé mi. Agolo kan odidi. Kò sí ohun tí ì bá ná mi ju kí n lọ fi ọ̀dà pupa bo funfun, kí n ní a ti tún yẹ̀ ẹ́ wò, pé kò tíì dára. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ní àyè yẹn.

Lọ́jọ́rú, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì bẹ̀rẹ̀ nílé náà. Ìyá Mutíù sáré wá sí ilé wa, ó gbé ọmọ rẹ̀ dání. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni Mutíù. Ojú rẹ̀ ti wọnú. Èmi ni mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, a jọ gun ọ̀kadà lọ sí ọsibítù. Orí àyà mi ló wà. Ó ń sọ pé, "Ẹ fún mi lómi." Gbogbo ọ̀nà ló fi ń sọ ọ́.

Ó kú lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin kékeré kan tẹ̀ lé e, ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá àgbà tó bí Mọ́gàjí, olórí agbo-ilé náà, ló ṣìkẹta. Dókítà ní onígbáméjì ni. Wọ́n dá àwọn mìíràn dúró sí ọsibítù, wọ́n ń fa omi sí wọn lára, ara wọn sì yá. Ràṣíìdì wà lára wọn.

Nígbà tó lè rìn, ẹgbẹ́ náà pè wá. Nínú kíláàsì kan la jókòó sí, Mọ́gàjí wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀gá wa ṣí ìwé náà. Ó bi mí bóyá mo da òògùn sí kànga náà.

Mo ní, "Mo da ohun tí Ràṣíìdì wọ̀n fún mi."

Ó yíjú sí Ràṣíìdì. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ eléyìí?" Ràṣíìdì tẹjú mọ́ ìwé náà. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó lè kà láyé nìyẹn. Ó ní, "Orúkọ mi ni."

"Ìwọ̀n mélòó lẹ wọ̀n?"

"Méje."

"Ṣé ó dá yín lójú?"

Ó ń wo ọwọ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò tíì le, àìsàn yẹn ti fà á gbẹ. Ó wò mí, bí ẹni ń retí kí n bá òun rántí. Mi ò wí nǹkan kan. Ó wá ní, "Mo rò pé méje ni."

"Mo rò" yẹn ló bà á jẹ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo Bẹyẹrunká ti ń sọ pé Ràṣíìdì dín òògùn kù, ó kó ìyókù lọ tà. Wọ́n lé e kúrò nínú iṣẹ́ náà. Èmi, wọ́n fún mi ní ìwé ẹ̀rí ìdúpẹ́ nígbà tí wọ́n ń lọ. Ó wà lára ògiri pálọ̀ wa títí di òní. Ìyàwó mi ló fi gíláàsì sí i.

Kò sẹ́ni tó tún pe Ràṣíìdì láti gbẹ́ kànga mọ́. Ta ló fẹ́ kí irú ọwọ́ yẹn kan omi òun? Wọ́n ń pe àwọn ọmọ rẹ̀ ní ọmọ Onígbáméjì nílé kéwú. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọmọlanke ní Gbági, ó ń fi kó ẹrù aṣọ fún àwọn oníṣòwò. Tí mo bá rí i lókèèrè, mo máa ń yà sí ọ̀nà mìíràn.

Tí Iléyá bá dé, mo máa ń gbé ìrẹsì àti òróró lọ sílé rẹ̀. Ẹ má yìn mí fún un. Nígbà kọ̀ọ̀kan ló máa ń sọ fún mi pé, "Tíṣà, gbogbo wọn ló ti kọ̀ mí. Ẹ̀yin nìkan ni ẹ ò kọ̀ mí." Mo máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n ó sì dìde.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́rin, ó ṣíwọ́ wíwí bẹ́ẹ̀. Ó máa ń gba ẹrù náà, á ní, "Ẹ ṣeun," á sì gbé e wọlé. Mo rò pé ìyà ló ti mú ọ̀rọ̀ tán lẹ́nu rẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ó wá bá mi nílé. Ó ti rù. Ó ń wúkọ́. Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi dé Ìsàlẹ̀ Òsì. Mo fẹ́ lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn."

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́, Ràṣíìdì. Kí lo tún fẹ́ lọ tú u sílẹ̀ fún?"

Ó ní, "Ẹ ṣáà bá mi lọ."

A lọ. Ọ̀sán ni. Mọ́gàjí jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Mutíù. Ràṣíìdì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú wọn. Ó ní, "Èmi ni mo ní kí ẹ mu omi yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí." Ó wá gbé orí sókè láti ilẹ̀ tó wà. Ojú mi ló ń wò. Ó ní, "Tíṣà wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jẹ́ kí Tíṣà náà sọ tẹnu rẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Ìyá Mutíù náà ń wò mí. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀fun mi. Mo búra fún yín, ó dé ọ̀fun mi.

Ohun tó jáde ni, "Ẹ bá wa dárí jì í. Kò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é."

Ìyá Mutíù wo ẹni tó dọ̀bálẹ̀ náà. Ó ní, "Mo ti fi í lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Kó dìde." Ó wá yíjú sí mi, ó kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà, tí ẹ mú un wá."

A ń gun òkè Mápó bọ̀, Ràṣíìdì ń rìn níwájú mi. Nígbà tí a fẹ́ pínyà, ó ní, "Ó tán nìyẹn, Tíṣà." Mo rò pé ara ló tù ú. Inú mi dùn fún un. Ẹ wo irú èèyàn tí mo jẹ́.

Ó kú ní oṣù mẹ́rin lẹ́yìn náà. Mo wà níbi àdúrà ọjọ́ kẹjọ rẹ̀. Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, mo sì sọ̀rọ̀. Mo ní ọ̀rẹ́ mi ni.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, mo gbé ìrẹsì lọ fún ìyàwó rẹ̀, Ìyá Sàídátù. Kò jẹ́ kí n sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ gbé e padà. Ẹ má gbé nǹkan wá síbí mọ́."

Mo bi í pé kí ni mo ṣe. Ó ní kí n jókòó. Kò gbóhùn sókè rárá.

Ó ní ní bí ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, ọkọ òun ń ti ọmọlanke ní Gbági, ni obìnrin kan tó gbọ́ tí wọ́n pè é ní Ràṣíìdì agbẹ́kànga bá kúnlẹ̀ kí i láàárín ọjà. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ni Bọ̀ọ̀dá Ràṣíìdì tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú bọ̀ọ̀dá mi nígbà omíyalé? Ẹ ṣeun fún òògùn kànga tí ẹ fi rán wọn sí mi lọ́jọ́ Jímọ̀ ìgbà náà. Ọmọ náà nìyí." Ọmọ náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ìyá Sàídátù ní, "Ó dé ilé, ó jókòó sílẹ̀, ó ń fi ìka kà á. Ó ní òògùn wo ló kù lọ́wọ́ wọn lọ́jọ́ Jímọ̀ yẹn? Ẹyọ kan yẹn náà ni. Ó wá ń sọ pé, 'Méje ni mo wọ̀n. Ìyá Sàídátù, méje náà ni.' Ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọdún mẹ́rin ló ti ń bi ara rẹ̀ bóyá òun ṣì í kà."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ ọ́ fáyé gbọ́.

Ó ní, "Ta ni yóò gbà á gbọ́, kó kọ tíṣà sílẹ̀? Yàtọ̀ sí ìyẹn, ó ní ẹ ó sọ ọ́ fúnra yín. Ó ní èèyàn dáadáa ni yín, ẹ̀rù ló bà yín. Ó ń dúró dè yín. Nígbà tó rí i pé ara òun ò fẹ́ dá mọ́, ó ní òun máa mú yín dé iwájú wọn, pé tí ẹ bá rí ojú ìyá ọmọ yẹn, ẹ ò ní lè pa á mọ́ra. Lọ́jọ́ tí ẹ lọ, ó dé, mo bi í bóyá Tíṣà sọ ọ́. Ó kàn mi orí pé rárá. Kò dárúkọ yín nínú ilé yìí mọ́ títí ó fi kú."

Mo dọ̀bálẹ̀ fún un. Mo sunkún. Ó ní kí n dìde, pé òun ò lè dárí ohun tí kì í ṣe tòun jì mí. Ó gbé báàgì ìrẹsì náà, ó gbé e síta ẹnu ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, mo gbìyànjú. Mo lọ sí Ìsàlẹ̀ Òsì. Ìyá Mutíù ń pín èédú sínú ọ̀rá. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gbé àga wá. Ó ní òun ti fẹ́ wá rí mi, pé ọmọ òun ọkùnrin tó kù fẹ́ wọ girama, pé òun fẹ́ kí n bá òun máa kọ́ ọ ní sáyẹ́ǹsì ní ọjọ́ Sátidé, nítorí kò sí ẹni tí òun lè fi ọmọ náà lé lọ́wọ́ bí èmi. Mo ní ó dáa. N kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ ọ̀nà tí mo lè gbà. Tí mo bá sọ ọ́, Bọ́sẹ̀ á mọ ohun tí òògùn tí mo dà sí kànga rẹ̀ ná àwọn ẹlòmíràn. Ọmọ rẹ̀ ti di ọmọ ọdún mẹ́jọ, òun nìkan ló kù fún un. Mi ò mọ bó ṣe máa gbé ojú lé ọmọ náà lẹ́yìn náà. Ó sì lè jẹ́ pé mo kàn ń fi Bọ́sẹ̀ bojú ni, bí mo ṣe ń fi nǹkan bojú láti ọjọ́ yìí wá. Ìyàwó mi ńkọ́? Àwọn ará ìjọ ńkọ́? Ràṣíìdì kò sí láyé láti gbọ́ pé wọ́n dá a láre. Àwọn mẹ́ta yẹn ò ní dìde.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ̀wé sí mi pé Ọlọ́run ti dárí jì mí. Mo ti ń wí ìyẹn fún àwọn ẹlòmíràn pẹ́. Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ Ìyá Mutíù yìí nìkan. Sátidé tó ń bọ̀ ni mo ṣèlérí fún un pé n ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọmọ náà. Yóò gbé àga jáde fún mi, yóò sì jókòó. Kí ni kí n kọ́kọ́ sọ?